Wọ́n ní pẹ́ńṣọ̀n ló ń gbé owó-orí ilé wa sókè. Ṣé ká da ìlú wa pọ̀ mọ́ káńtì ni?

Àjọkẹ́ Southland · Ọjọ́bọ̀, 9:12 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn láti ìjẹta. A ra ilé sí apá gúúsù Cook County ní Illinois níbí ní 2019 (káńtì ni ìjọba agbègbè tó kó ọ̀pọ̀ ìlú sínú), ilé oníyàrá mẹ́ta, kò tóbi, nígbà tí a rà á ohun tí à ń san lóṣù ò ju agbára wa lọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni bánkì tó yá wa lówó ilé kọ̀wé pé owó tí àwọn ń kó pamọ́ fún owó-orí ò tó mọ́, pé láti oṣù tó ń bọ̀ a máa fi $210 lé ohun tí à ń san tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi ń wa tírélà, èmi ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ibo la ti fẹ́ máa rí $210 lóṣooṣù?

Mo wá lọ sí ìpàdé bọ́ọ̀dù ìlú wa lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa lọ nìyẹn, a ò ju bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nínú gbọ̀ngàn. Ẹni tó ń mójú tó owó ìlú gbé àwòrán kan sójú ògiri, ó ní nínú owó-orí ilé tí ìlú ń gbà, pẹ́ńṣọ̀n ọlọ́pàá àti ti panápaná ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ kí owó tó kan títì. Bàbá kan dìde, ó ní ìlú wa ti kéré jù láti dá dúró, kí wọ́n tú u ká kí káńtì gbà á. Ìyá àgbà kan tí wọ́n bí sí ìlú yìí dìde tìbínú tìbínú, ó ní ìgbà kan wà tí wọn ò ta ilé fún èèyàn dúdú ní àdúgbò yìí, àwọn jà kí àwọn tó ní mayor tó jọ àwọn, àwọn ò ní kó o fún ẹnikẹ́ni ní downtown. Bí ilé ṣe dàrú nìyẹn. Mo délé, mi ò mọ ẹni tí mo fara mọ́.

Tí ìlú bá wọ inú káńtì, ṣé owó-orí máa wálẹ̀? Ta ló máa wá san pẹ́ńṣọ̀n yẹn? Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi tí wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ là á yé mi bí ẹ ṣe máa là á yé àbúrò yín.

OmoEkiti312 · Ọjọ́bọ̀, 9:31 alẹ́

Àǹtí mi, ẹ ta ilé yẹn kí ẹ kọjá sí Indiana. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe é ní ọdún méjì sẹ́yìn, ibi tó kó lọ ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ sí ibi tó ń gbé tẹ́lẹ̀, ilé tuntun yẹn tóbi ju ti àtijọ́ lọ, owó-orí ẹ̀ ò tó ìdajì. Illinois ti jẹ gbèsè pẹ́ńṣọ̀n kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè san tán. Àdàpọ̀ kankan ò lè yanjú ẹ̀.

Bàbá Tóbi Indy · Ọjọ́bọ̀, 10:05 alẹ́

Ìyàwó wa, ẹ má tíì ta ilé o. Èmi ni mo wà ní Indiana tí wọ́n ń wí yẹn, Indianapolis ni mo wà láti 1998, a sì ti ṣe àdàpọ̀ tí ẹ ń bèèrè yìí kí n tó débí.

Ọjọ́ kìíní oṣù January 1970 ni wọ́n da Indianapolis pọ̀ mọ́ Marion County, Unigov ni wọ́n ń pè é. Richard Lugar ni mayor nígbà náà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ṣe òfin ẹ̀ ní 1969, wọn ò dìbò bi aráàlú. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ọjọ́ yẹn ni gbogbo nǹkan di ọ̀kan. Rárá o. Ìlú mẹ́rin ò wọ inú ẹ̀ tán, Speedway, Lawrence, Beech Grove àti Southport, wọ́n ṣì ní ìjọba kékeré tiwọn dòní, wọ́n sì tún ń bá wa dìbò yan mayor Indianapolis. School ò wọ inú ẹ̀ rárá. Agbègbè school mọ́kànlá ló wà nínú káńtì kan ṣoṣo yìí, àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, agbègbè school Pike ni wọ́n ti jáde, owó-orí school Pike ni mò ń san, kì í ṣe ti àárín ìlú. Ọlọ́pàá ìlú àti ọlọ́pàá sheriff ti káńtì ò di ọ̀kan àfi ní 2007, ẹ ka ọdún tó wà láàárín. Panápaná ńkọ́, township kan (ìpín kékeré nínú káńtì) wọlé lónìí, òmíràn wọlé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Pike tiwa ṣì dá dúró.

Pé owó-orí ilé kéré níbí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe Unigov ló fà á. Ní 2007 owó-orí fò sókè níbí débi pé mayor tó wà lórí oyè fìdí rẹmi nínú ìbò November ọdún yẹn, ẹni tí kò sẹ́ni tó kà sí ló wọlé. Ìpínlẹ̀ wá fi òdiwọ̀n sí i: ilé tí èèyàn ń gbé, ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé, ilé tí wọ́n fi ń gba rẹ́ǹtì, ìdá 2, ti oníṣòwò, ìdá 3. Ní 2010 aráàlú dìbò kọ ọ́ sínú òfin ìpilẹ̀ ìpínlẹ̀. Owó tí wọn ò rí gbà lórí ilé, ara owó oṣù wa ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Marion County ń yọ 2.02 nínú ọgọ́rùn-ún lára tèmi, Illinois ò ní owó-orí káńtì lórí owó oṣù. Torí náà OmoEkiti, ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín wo gbogbo owó tó ń jáde lápò wọn, ẹ má wo ti ilé nìkan.

Ní ti pẹ́ńṣọ̀n, àwọn ọlọ́pàá àti panápaná tí wọ́n gbà síṣẹ́ níbí kí 1977 tó dé, kò sẹ́ni tó fi kọ́bọ̀ pamọ́ dè wọ́n, owó tó bá wọlé lọ́dún kan ni wọ́n fi ń san ti ọdún yẹn. Òfin 2008 ló gbé ẹrù yẹn kúrò lórí ìlú sórí ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ ló gbé e o. Unigov ti wà fún ọdún méjìdínlógójì nígbà yẹn, gbèsè náà ò yọ́.

Màmá Dára RN · Ọjọ́bọ̀, 11:48 alẹ́

Ibi iṣẹ́ ni mo wà, màá kọ ọ́ kíákíá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra sọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n yìí, torí tí ẹ bá ń sọ pé pẹ́ńṣọ̀n ń jẹ wá run, èèyàn bíi tèmi ni ẹ ń sọ. Nọ́ọ̀sì káńtì ni mí. Wọ́n ń yọ 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù mi fún pẹ́ńṣọ̀n ní gbogbo ìgbà tí owó bá wọlé, wọn ò sì yọ Social Security, pẹ́ńṣọ̀n ti ìjọba àpapọ̀, fún wa, a ò sí nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá, panápaná àti tíṣà ní Illinois náà ò sí nínú ẹ̀. Pẹ́ńṣọ̀n yìí ni Social Security wa. Èmi tiẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún mọ́kànlá ní ilé ìtọ́jú aládàáni kí n tó wọ káńtì, mo san Social Security níbẹ̀, òfin àtijọ́ ní wọ́n máa gé e fún mi tí mo bá fẹ̀yìntì torí pé mo ní pẹ́ńṣọ̀n. January 2025 ni wọ́n tó fọwọ́ sí òfin tó pa gígé yẹn rẹ́.

Owó tiwa wọlé pé, kò sí oṣù tí wọn ò yọ ọ́. Apá ti ìjọba ni kò wọlé bó ṣe yẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó jẹ gbèsè ni kí ẹ bi.

OmoEkiti312 · Ọjọ́ Ẹtì, 7:02 àárọ̀

Màmá Dára, ẹ má bínú, mi ò bú yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ilé ní 2019 kọ́ ló kọ̀ láti san owó yẹn nígbà náà, kí ló dé tó fi jẹ́ òun ló máa san án báyìí? Kí wọ́n dín pẹ́ńṣọ̀n kù díẹ̀ fún gbogbo èèyàn kí a jọ pín ìyà ẹ̀.

Olùṣírò Ìlúpéjú · Ọjọ́ Ẹtì, 12:40 ọ̀sán

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ owó ìjọba ìlú kékeré ni mò ń ṣe níbí ní Illinois, ó ti lé lógún ọdún. Ẹ jẹ́ kí n tún àwọn nǹkan kan ṣe, ó máa gùn díẹ̀.

OmoEkiti, dídín in kù ò ṣeé ṣe. Òfin ìpilẹ̀ Illinois ti 1970 sọ pé pẹ́ńṣọ̀n òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ àdéhùn, wọn ò gbọdọ̀ dín in kù. Ilé aṣòfin gbìyànjú ẹ̀ ní 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ fagi lé e ní May 2015. Chicago gbìyànjú tiẹ̀, wọ́n fagi lé ìyẹn náà ní March 2016. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti January 2011 nìkan ni wọ́n lè fún ní ohun tó kéré, òun ni wọ́n ń pè ní Tier 2. Nígbà tí Chicago rí i pé kò sọ́nà àbáyọ, ní 2015 wọ́n fi $588 mílíọ̀nù kún owó-orí ilé láàárín ọdún mẹ́rin, $543 mílíọ̀nù nínú ẹ̀ fún pẹ́ńṣọ̀n ọlọ́pàá àti panápaná.

Àwọn ìlú kékeré bíi tiyín ní tiwọn lọ́tọ̀. Ìlú tó bá ti tó ìwọ̀n kan, á ní àpò pẹ́ńṣọ̀n ọlọ́pàá tiẹ̀ àti ti panápaná tiẹ̀, bọ́ọ̀dù tiẹ̀, lọ́yà tiẹ̀. Gbogbo ẹ̀ lé ní 600 kárí ìpínlẹ̀. Òfin ní kí àpò kọ̀ọ̀kan ti ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó yẹ kó ní kí 2040 tó parí, torí náà bí ọdún ṣe ń sún mọ́ ni bíìlì ń wúwo. Tí ìlú ò bá san tiẹ̀, comptroller ìpínlẹ̀, ẹni tó ń sanwó fún ìpínlẹ̀, lè di owó tó yẹ kí ìpínlẹ̀ fún ìlú mú kó fi san án. Wọ́n ṣe é fún Harvey ní 2018, ó sì di dídá ọlọ́pàá àti panápaná dúró lẹ́nu iṣẹ́. Pẹ́ńṣọ̀n àwọn tó ti fẹ̀yìntì ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú tó kù, akọ̀wé, àwọn tó ń tún títì ṣe, IMRF ni wọ́n wà, àpò pẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ ìlú. IMRF dára gan-an ní tiẹ̀, ìdí kan ni pé kò sí ìlú tó lè fo owó ẹ̀, gbogbo ọdún ni wọ́n ń gbà á pé. Ìlú kan náà, àpò méjì, ọ̀kan yó, ọ̀kan ń pebi. Mo ti jókòó nínú ìpàdé tí wọ́n ti ní kí a sún owó ọlọ́pàá sí ọdún tó ń bọ̀ kí a lè rí owó ra ọkọ̀ ìkólẹ̀, mo sọ pé kò dára, wọ́n dìbò, wọ́n borí mi. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Ní December 2019 gómìnà fọwọ́ sí òfin tó kó owó gbogbo àpò 600 yẹn jọ sí méjì, ọ̀kan fún ọlọ́pàá, ọ̀kan fún panápaná. Ẹ fetí sí èyí torí òun gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè Àjọkẹ́: owó tí wọ́n ń fi ṣòwò ni wọ́n dà pọ̀, kí èrè lè pọ̀ kí owó lọ́yà lè dín. Gbèsè ò dà pọ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìwé tiẹ̀ nínú ẹ̀, ohun tó jẹ ló máa san. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí tí ẹ bá tú ìlú yín ká, àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n á máa san gbèsè tó wà nílẹ̀. Káńtì á rán sheriff sí yín, ẹ̀yin á ṣì máa san pẹ́ńṣọ̀n ọlọ́pàá tó ti lọ.

Ibi tí àdàpọ̀ ti wúlò, ó wà o. Evanston ní township kan tí ààlà ẹ̀ bá ti ìlú mu délẹ̀délẹ̀, ìjọba méjì lórí ilẹ̀ kan, ní March 2014 wọ́n dìbò pa township rẹ́, ìlú gba iṣẹ́ ẹ̀. Illinois ní ìjọba kéékèèké tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7,000, kò sí ìpínlẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òfin ìpilẹ̀ 1870 ló dá a sílẹ̀, ó fi òdiwọ̀n sí gbèsè tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè jẹ, torí náà tí ìlú bá ti jẹ gbèsè dé òdiwọ̀n, wọ́n á dá ìjọba míì sílẹ̀ fún omi tàbí pápá ìṣeré kí ìyẹn náà lè lọ yáwó.

Àjọkẹ́, kó tó di pé o bá ẹnikẹ́ni jà ní gbọ̀ngàn, mú bíìlì owó-orí ilé rẹ ti second installment (ìsan kejì ọdún) jáde. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìlà tiẹ̀ níbẹ̀, òpó kan sì wà tí wọ́n kọ Pension sí lórí. Kà á fún wa. Kí o sì wò ó bóyá $210 yẹn ní ìdajì tó jẹ́ àlékún gidi, ìdajì tó jẹ́ pé bánkì ń gba owó tó fi dí àlàfo ọdún tó kọjá. Ìdajì kejì yẹn máa kúrò tí ọdún bá yí po.

EgbaJax · Ọjọ́ Ẹtì, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Èmi wà ní Jacksonville, Florida. Ẹ̀gbọ́n Olùṣírò sọ ọ́ dáadáa ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi tiwa kún un, torí tiwa ni àdàpọ̀ tó jinlẹ̀ jù. Aráàlú dìbò sí i ní August 1967, ó bẹ̀rẹ̀ ní October 1968, ìlú àti Duval County di ọ̀kan, àwọn ìlú etíkun mẹ́ta àti Baldwin nìkan ló ṣẹ́kù tó ní ìjọba tiẹ̀. School àwọn ọmọ ti bàjẹ́ débi pé àwọn high school pàdánù ìwé àṣẹ ní 1964, wọ́n ti gbé àwọn olóṣèlú kan lọ sílé ẹjọ́, ìdí nìyẹn tí inú ọ̀pọ̀ èèyàn fi dùn sí i.

Ṣé pẹ́ńṣọ̀n ò wá dà wá láàmú ni? Ó dà wá láàmú gan-an! Gbèsè pẹ́ńṣọ̀n ìlú wọ bílíọ̀nù dọ́là, kò sí ìlú kékeré kankan tí a lè nàka sí pé òun ló fà á, ìjọba kan ṣoṣo ni gbogbo wa. August 2016 a dìbò pé kí ìdajì sẹ́ǹtì lórí dọ́là ọjà kọ̀ọ̀kan tí à ń san tẹ́lẹ̀ fún iṣẹ́ títì máa lọ bá gbèsè pẹ́ńṣọ̀n nígbà tí ti iṣẹ́ títì bá parí, ó lè lọ títí dé 2060. Ọmọ mi tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà yẹn máa ra bàtà fún ọmọ tiẹ̀ kó sì máa san án. Ní October 2017 wọ́n sì dá pẹ́ńṣọ̀n irú ti àtijọ́ dúró fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, àpò tí kálukú ń kó owó sí fúnra ẹ̀ ni wọ́n fún wọn.

Ìyá àgbà tó bínú ní ìpàdé yẹn, ẹ má fojú kékeré wò wọ́n. Kí àdàpọ̀ tó dé, èèyàn dúdú lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ará Jacksonville. Lọ́jọ́ kejì àdàpọ̀ wọn ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin mọ́. Ìbò wọn ló dín kù, láìjẹ́ pé ẹnì kankan kó kúrò nílé.

Ọmọ Tíṣà · Ọjọ́ Ẹtì, 8:55 alẹ́

Mi ò mọ púpọ̀ nípa owó-orí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Màmá Dára, mo wà lẹ́yìn yín. Bàbá mi fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ pírámárì nílé, ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó san gíráṣúítì wọn nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì. Mo máa ń rí wọn tí wọ́n bá fẹ́ lọ fún ìdánimọ̀, wọ́n á wọ aṣọ tó dára, wọ́n á kó fọ́tòkópì sínú ọ̀rá, wọ́n á jókòó láti aago méje títí oòrùn á fi rọ̀, wọ́n á ní kí wọ́n padà wá. Wọ́n kú kí owó yẹn tó jáde. A ṣì wà lórí ìlà báyìí pẹ̀lú ìwé ìkú wọn. Tí ibì kan bá wà láyé tí òfin ti sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ owó àgbàlagbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òfin yẹn.

OmoEkiti312 · Ọjọ́ Ẹtì, 9:10 alẹ́

Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo gba èyí tí mo sọ nípa dídín in kù padà. Ṣùgbọ́n mi ò gba èyí tí mo sọ nípa kíkó kúrò padà o, ohun tí kò ṣeé dín, ẹni tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ ló máa san án.

Bàbá Tóbi Indy · Ọjọ́ Ẹtì, 9:26 alẹ́

Ìyẹn gan-an ló ń pa àwọn ìlú yẹn, ọmọ mi. Bí ẹnì kan bá kó lọ, ìpín tiẹ̀ bọ́ sórí aládùúgbò.

Ọ̀rẹ́olúwa Nash · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:15 àárọ̀

Ti Nashville rèé ní kúkúrú. A kọ̀ ọ́ nínú ìbò 1958, lẹ́yìn náà ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ káńtì mọ́ra, wọ́n sì ní kí ará káńtì tó ń wakọ̀ lórí títì ìlú ra sítíkà aláwọ̀ ewé, inú bí àwọn èèyàn, wọ́n dìbò fún àdàpọ̀ ní 1962, ó bẹ̀rẹ̀ ní April 1963. Ohun tó jẹ́ kó gún ni pé owó-orí ò dọ́gba: agbègbè méjì ló wà. Ẹni tó wà nínú ìlú tí wọ́n ń bá kó pàǹtí tó sì ní iná títì, owó tiẹ̀ ga. Ẹni tó wà lóko tí kò ní wọn, tiẹ̀ kéré. Tí ẹnikẹ́ni bá mú àdàpọ̀ wá síwájú yín, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn, agbègbè wo ni àwa máa wà, gbèsè ta sì ni a máa gbé. Ṣùgbọ́n àdàpọ̀ tó gún náà ò di owó-orí mú, ní 2020 wọ́n fi ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún kún tiwa lẹ́ẹ̀kan náà.

Àjọkẹ́ Southland · Ọjọ́ Àìkú, 3:30 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n Olùṣírò ní kí n ṣe. Mo tẹ́ bíìlì sórí tábìlì ìdáná lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo gba rúlà ọmọ mi, mo ń fi tẹ̀ lé e níkọ̀ọ̀kan. Ìjọba tó ń pa ẹ̀fọn ní ìlà tiẹ̀. Ti omi ẹ̀gbin ní tiẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì, high school, elementary, library, park, township, títì township, village (ìlú wa nìyẹn), káńtì, ilé ìwòsàn káńtì, igbó káńtì. Láti ọdún tí mo ti ń san owó yìí mi ò mọ̀ pé àwọn tó pọ̀ tó báyìí ni mò ń fún lówó.

Àpapọ̀ jẹ́ $7,200. Elementary kó $2,480, high school kó $1,690. Village kó $1,460, nínú òpó Pension níwájú ẹ̀ mo rí $830. Nítorí náà òótọ́ ni ọkùnrin yẹn sọ ní ìpàdé, pẹ́ńṣọ̀n ló kó ju ìdajì owó ìlú lọ, ṣùgbọ́n lójú gbogbo bíìlì kì í ṣe òun ló pọ̀ jù. School ni, àdàpọ̀ ìlú àti káńtì ò sì ní kan school, bí Bàbá Tóbi ṣe wí.

Mo tún rí nǹkan kan nísàlẹ̀ tí kò yé mi. Wọ́n kọ Homeowner's Exemption, iwájú ẹ̀ jẹ́ .00. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Olùṣírò Ìlúpéjú · Ọjọ́ Àìkú, 3:52 ọ̀sán

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀!! Àbúrò mi, ṣé inú ilé yẹn lẹ ń gbé, ṣé orúkọ yín ló wà lórí ẹ̀? Ẹ ò kọ ìwé fún exemption, ẹ̀dínwó owó-orí fún ẹni tó ń gbé inú ilé tiẹ̀, nígbà tí ẹ ra ilé nìyẹn. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, fúnra ẹ̀ ló máa ń tún ara ẹ̀ ṣe lọ́dọọdún báyìí, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ yẹn ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́.

Wo ìṣirò ẹ̀. Ká ní ilé yín tó $150,000. Cook County ń gba ìdá 10 nínú ẹ̀, $15,000. Ìpínlẹ̀ ń fi nọ́ńbà kan sọ ọ́ di púpọ̀, ó máa ń wà nítòsí 3, ó di $45,000. Exemption ń yọ $10,000 kúrò níbẹ̀, ó ku $35,000. Tí rate gbogbo ìjọba lórí yín bá jẹ́ 16 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di $5,600. Láìsí exemption, $7,200, iye tó wà lórí bíìlì yín gẹ́lẹ́. $1,600 lọ́dún lẹ ti ń sọ nù.

Lọ sí ọ́fíìsì Assessor, àwọn tó ń díye lé ilé ní káńtì, tàbí orí wẹ́ẹ̀bù wọn, ohun tí o máa bèèrè ni Certificate of Error, wọ́n ń fi tún àwọn ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn ṣe, wọ́n á dá owó padà. Mú ID tó ní àdírẹ́sì ilé, mú ìwé tó fi hàn pé ẹ gbé ibẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o san owó kí òun tó bá ọ ṣe é, sá fún un.

Apíìlì, pé kí wọ́n dín iye tí wọ́n dá lé ilé kù, ìyẹn lọ́tọ̀ o. Nígbà tí wọ́n tún iye ilé apá gúúsù gbé yẹ̀ wò ní 2023, bíìlì tó jáde ní 2024 fi bíi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ga fún ilé tí bíìlì tiẹ̀ wà láàárín, tí kò pọ̀ jù tí kò kéré jù. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ṣe apíìlì, iye tiwọn wálẹ̀, ohun tí wọn ò san bọ́ sórí onílé. Ẹni tí kò bá ṣe apíìlì ló ń gbé ti ẹni tó ṣe é.

Màmá Dára RN · Ọjọ́ Àìkú, 4:10 ọ̀sán

Mo ń sunkún ayọ̀ níbi tí mo wà. Àwọn àgbàlagbà tí ẹ mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ẹ bá wọn wo tiwọn. Ẹni tó ti pé 65 ní exemption tirẹ̀ tó dá yàtọ̀, wọ́n ń gbà á pọ̀ mọ́ ti onílé.

OmoEkiti312 · Ọjọ́ Àìkú, 4:33 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ìlà wo ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí? Tèmi wà lọ́wọ́ mi báyìí.

Olùṣírò Ìlúpéjú · Ọjọ́ Àìkú, 4:36 ọ̀sán

Wo apá ìsàlẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣírò owó fún ọ, lábẹ́ iye owó-orí àpapọ̀ kó tó yọ exemption. Tí o bá rí .00 wá bá mi nínú inbox.

Àjọkẹ́ Southland · Ọjọ́ Àìkú, 9:48 alẹ́

Ọkọ mi ti dé láti ìrìn àjò, mo fi hàn án, kò gbàgbọ́ títí tó fi fi kàlíkúlétọ̀ ṣe é fúnra ẹ̀. Ọ̀la ọjọ́ Ajé mo máa kúrò níbi iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀, mi ò ní délé, ọ́fíìsì Assessor ni mo máa gbà lọ tààrà.

Ìpàdé bọ́ọ̀dù tún wà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Mo ti kọ ohun tí mo máa bèèrè sílẹ̀: ọdún wo ni ìlú kò san owó pẹ́ńṣọ̀n pé, àti ta ló dìbò fún un, àti kí ló dé tí township àti ìlú fi ń tún títì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ méjì. Mo ti pe ìyá àgbà yẹn lórí fóònù, wọ́n ní àwọn máa bá mi jókòó. Mo máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ síbí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.